Kí Ẹja Tuntun Tó Bá Ti Ilé Pàdé

Àwọn tí mò ń bá tọ́jú ẹja ọ̀ṣọ́ nílé wọn n'Ìbàdàn sábà máa ń pè mí nígbà tí ọ̀ràn bá ti bọ́ sórí tán: ẹja 8 tó ti ń gbé pọ̀ láti ọdún 2 kú láàárín ọjọ́ 4, wọ́n sì ń búra pé àwọn kò yí ohunkóhun padà. Bí mo bá béèrè bóyá wọ́n ra ẹja láìpẹ́ yìí, wọn á ní méjì péré ni, pé ara àwọn yẹn sì dá ṣáṣá. Gbólóhùn ìkẹyìn yẹn ni mo fẹ́ sọ̀rọ̀ lé lórí, nítorí pé ojú lásán kò tó láti fi mọ ẹja tó gbé àrùn wọlé.

Ẹ jẹ́ kí a mú àrùn tí àwọn ẹlẹ́ja ọ̀ṣọ́ ń pè ní Ich, èyí tó máa ń mú kí ara ẹja dà bí ẹni pé wọ́n bu iyọ̀ wọ́n ọn. Kòkòrò afòmọ́ tíntìntín kan tí orúkọ rẹ̀ gùn ju òun fúnra rẹ̀ lọ, Ichthyophthirius multifiliis, ló ń fà á. Ó máa ń wọ abẹ́ awọ ẹja, tàbí inú ẹran pupa tí ẹja fi ń mí lábẹ́ ìdérí ẹ̀rẹ̀kẹ́, yóò máa jẹun níbẹ̀ fún ọjọ́ mélòó kan, lẹ́yìn náà yóò já bọ́ sí ìsàlẹ̀ omi, yóò fi èèpo bo ara rẹ̀, yóò sì pín sí ọgọ́rọ̀ọ̀rún ọmọ tí wọn yóò tú jáde láti wá ẹja tí wọn yóò wọ̀ lára. Nínú omi tó lọ́ wọ́ọ́rọ́, ní nǹkan bíi 26°C, gbogbo èyí lè parí láàárín ọ̀sẹ̀ kan. Nínú omi tútù, ó lè gba ọ̀pọ̀ ọ̀sẹ̀. Ìgbà tí àwọn ọmọ náà bá ń wẹ̀ kiri nìkan ni oògùn ń rí wọn pa, nítorí pé awọ ẹja ń bo èyí tó wà lábẹ́ rẹ̀ láṣìírí, èèpo sì ń bo èyí tó wà nísàlẹ̀. Bí ó bá jẹ́ inú ẹran ìmí nìkan ni kòkòrò wà, ẹ kò ní rí àmì funfun kankan lọ́jọ́ tí ẹ ra ẹja náà.

Ìdí nìyẹn tí mo fi ń ní kí ẹja tuntun dá gbé fún ọ̀sẹ̀ 4, nítorí pé láàárín àsìkò bẹ́ẹ̀, ìran kòkòrò bíi mẹ́rin lè ti wáyé, ìwọ̀nba tó fara pamọ́ á sì ti pọ̀ tó èyí tí ojú lè rí. Àwọn akẹgbẹ́ mi kan ń fi mọ sí ọ̀sẹ̀ 2. Èmi kò bá wọn jiyàn bí ẹja bá ti ọwọ́ ẹni tí wọ́n mọ̀ dáadáa wá, ṣùgbọ́n bí ó bá ti ìsọ̀ tí wọ́n ti ń fi àwọ̀n kan ṣoṣo kó ẹja láti inú àpótí kan sí òmíràn wá, ọ̀sẹ̀ 2 kéré.

Ohun tí ẹ nílò kò pọ̀: àpótí gíláàsì tàbí ike ńlá tó gba omi bíi lítà 40, ìdérí, ẹ̀rọ kékeré tí ń mú omi gbóná, asẹ́ onífóòmù tí pọ́ńpù afẹ́fẹ́ ń bá ṣiṣẹ́, àti gígé páìpù kan tí ẹja yóò máa sá pamọ́ sí. Ẹ má da iyanrìn sí i, kí ìgbẹ́ ẹja lè hàn kedere, kí ó sì rọrùn láti fọ̀.

Fóòmù yẹn ni ọ̀pọ̀ ènìyàn ti ń ṣìṣe. Ẹja ń tú amóníà jáde láti ara rẹ̀, amóníà náà sì ń pa á. Àwọn bakitéríà tó ń gbé nínú asẹ́ ló ń sọ ọ́ di náítíráìtì, tí òun náà jẹ́ májèlé, àwọn mìíràn a sì sọ ìyẹn di náítíréètì tí kò fi bẹ́ẹ̀ léwu. Ó sì lè gba ọ̀sẹ̀ 4 sí 6 kí wọ́n tó pọ̀ tó nínú asẹ́ tuntun. Nígbà tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́, mo kó ẹja ọ̀ṣọ́ tí wọ́n ń pè ní molly 5 sínú àpótí tí mo ti fọ̀ tónítóní, tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ yọ asẹ́ rẹ̀ nínú ọ̀rá. Nígbà tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í mí gúlegúle lójú omi, mo rò pé àrùn ni, mo da oògùn sí i, kò sì sí èyí tó rí ọjọ́ kẹsàn-án. Àpótí ìyàsọ́tọ̀ gan-an ló pa wọ́n. Láti ìgbà náà, mo máa ń fi fóòmù àfikún kan sílẹ̀ nínú àpótí ńlá tí àwọn ẹja ilé ń gbé ní gbogbo ìgbà, ọjọ́ tí ẹja àlejò bá dé ni mo ń gbé e sínú àpótí kékeré. Kì í padà sẹ́yìn mọ́ lẹ́yìn náà, àfi bí mo bá fi omi híhó fọ̀ ọ́ tí mo sì sá a gbẹ.

Lọ́jọ́ tí ẹja bá dé, ẹ jẹ́ kí ọ̀rá rẹ̀ léfòó lójú omi fún ìṣẹ́jú 15 sí 20, kí ẹ máa bu omi yín sí i díẹ̀díẹ̀, kí ẹ wá fi àwọ̀n gbé ẹja nìkan, kí ẹ sì da omi ìsọ̀ nù. Àwọ̀n àti korobá ti ẹja tuntun kò gbọdọ̀ kan ti àwọn àgbà, ìyẹn àwọn ẹja tó ti wà nílé tẹ́lẹ̀. Àwọn àgbà ni kí ẹ kọ́kọ́ tọ́jú lójúmọ́, kí ẹ tó débi àlejò, kí ẹ sì fọ ọwọ́ yín lẹ́yìn rẹ̀. Ẹni tó bá ní ọgbẹ́ lọ́wọ́ kò gbọdọ̀ tì í bọ omi yìí, nítorí pé bakitéríà kan wà, Mycobacterium marinum, tó ń ti ara ẹja ran ènìyàn.

Lẹ́yìn èyí, wíwò ló kù. Ṣé ó ń jẹun? Ṣé ó ń fi ara họ páìpù, tàbí ó ká lẹbẹ mọ́ra? Bí ẹ bá rí ohun pupa tẹ́ẹ́rẹ́ bí òwú tó yọ láti ihò ìdí rẹ̀, ó ṣeé ṣe kí ó jẹ́ aràn Camallanus, oògùn Ich kò sì ràn án. Èmi kì í da oògùn sí omi ẹja tí kò fi àmì kankan hàn. Bí Ich bá yọ, mo máa ń mú omi gbóná díẹ̀díẹ̀ títí dé 30°C bí irú ẹja náà bá lè gbà á, mo sì ń fi kún afẹ́fẹ́ inú rẹ̀, nítorí pé omi gbígbóná kì í gba ọ́síjìn púpọ̀. Fún ìdí kan náà, pọ́ńpù oníbátìrì ṣe pàtàkì fún wa níbi tí iná ti ń lọ láìsọ tẹ́lẹ̀. Oògùn ń bá a lọ fún ọjọ́ mélòó kan lẹ́yìn tí àmì bá pòórá, ọjọ́ tí èyí tó kẹ́yìn bá sì pòórá ni a ó tún bẹ̀rẹ̀ sí í ka ọ̀sẹ̀ 4 láti orí ìkíní.

Nígbà tí iye ọjọ́ bá pé, ẹ fún àwọn àgbà lóúnjẹ, ẹ pa iná àpótí ńlá, kí ẹ tó fi àwọ̀n gbé àlejò wọlé. Nínú òkùnkùn, wọn kì í tètè dojú ìjà kọ ọ́.