Bí A Ṣe Ń To Ìran Kọ̀ǹpútà ní Ìpele-Ìpele, àti Bí A Ṣe Ń Tan Ìmọ́lẹ̀ Sí I

Nínú iṣẹ́ àwòrán kọ̀ǹpútà fún fíìmù, ọ̀pọ̀ ènìyàn ló máa ń ṣiṣẹ́ lórí ìran kan ṣoṣo lásìkò kan náà. Ẹnìkan ń mọ ilé àti igi, ẹlòmíràn ń kùn wọ́n ní àwọ̀, ẹlòmíràn ń mú kí àwọn ènìyàn inú rẹ̀ máa rìn, ayàwòrán tó ń tan ìmọ́lẹ̀ náà sì wà níbẹ̀ pẹ̀lú iṣẹ́ tirẹ̀. Bó bá jẹ́ pé fáìlì kan ni gbogbo wọn ń ṣí, ẹni tó bá fi iṣẹ́ rẹ̀ pamọ́ gbẹ̀yìn ni yóò pa ti àwọn yòókù rẹ́. Ìdí nìyí tí a fi ń to ìran ní ìpele-ìpele: oníkálukú ní fáìlì tirẹ̀, kọ̀ǹpútà ló sì ń pa wọ́n pọ̀ nígbà tí a bá ṣí ìran náà.

Ètò tí a mọ̀ jù fún èyí ni USD (Universal Scene Description, ìyẹn ọ̀nà kan láti kọ ohun tó wà nínú ìran sílẹ̀), tí ilé iṣẹ́ Pixar ní Amẹ́ríkà ṣe, tí wọ́n sì ṣí kóòdù rẹ̀ sílẹ̀ fún gbogbo ayé ní ọdún 2016. Blender, Maya àti Houdini, àwọn ètò tí a fi ń ṣe àwòrán kọ̀ǹpútà, ló ń kà á. Houdini tilẹ̀ ní apá kan tí a ń pè ní Solaris, tó jáde ní ọdún 2019, tí wọ́n kọ́ lé orí USD fún títo ìran àti títan ìmọ́lẹ̀.

Èrò ni ìpele kọ̀ọ̀kan ń gbé: ohun tí ẹni tó ni ín fẹ́ sọ nípa nǹkan kan ló wà níbẹ̀, kò sí ẹ̀dà odindi ìran náà nínú rẹ̀. Bí ìpele ẹni tó mọ àga bá sọ pé àga náà pupa, tí ìpele ẹni tó ń tan ìmọ́lẹ̀ sì sọ pé kí pupa náà ṣú díẹ̀, èrò tó wà lókè ni kọ̀ǹpútà yóò tẹ̀ lé. Ti ìsàlẹ̀ kò parẹ́. Bí a bá pa ìpele òkè lẹ́nu mọ́, pupa àkọ́kọ́ yóò padà wá gẹ́lẹ́ bó ṣe wà. Ẹni tó bá fẹ́ kí èyí yé òun dáadáa, kí ó fi ìran kékeré kan pamọ́ gẹ́gẹ́ bíi .usda (irú fáìlì USD tí ènìyàn lè fi ojú kà), kí ó sì ṣí i bí ìgbà tí a bá ń ka ìwé lásán. Yóò rí ọ̀rọ̀ méjì níbẹ̀: def, tó ń dá nǹkan sílẹ̀, àti over, tó kàn ń fi èrò kún nǹkan tó ti wà. Over ni ẹni tó ń tan ìmọ́lẹ̀ máa ń kọ jù nígbà tó bá ń tún ohun tí ẹlòmíràn ṣe ṣe, ó sì ní ewu kan tó yẹ kí a tètè mọ̀. Orúkọ àti ipò nǹkan nínú ìran ló fi ń mọ ohun tó ń bá sọ̀rọ̀. Bí ẹni tó mọ àga bá yí orúkọ rẹ̀ padà, over náà yóò máa bá afẹ́fẹ́ sọ̀rọ̀, àtúnṣe yóò sì pòórá láìjẹ́ pé ohunkóhun fi hàn pé àṣìṣe ṣẹlẹ̀.

Èrò tún ní agbára ju ara wọn lọ nítorí ọ̀nà tí wọ́n gbà wọlé. Èyí tí a kọ tààrà sínú shot (ìyẹn apá fíìmù kan tí kámẹ́rà yà láìdúró) lágbára ju èyí tó wà nínú variant (ìyẹn ọ̀kan nínú oríṣi tí a ti pèsè fún nǹkan kan, bí àga pupa tàbí búlúù), ti variant lágbára ju èyí tó wọlé nípasẹ̀ reference (ìyẹn fífa fáìlì mìíràn wọ inú ìran), ti reference sì lágbára ju ti payload, tó jọ reference àmọ́ tí a lè fi sílẹ̀ láìkó o wọlé kí ìran tó wúwo lè tètè ṣí. Ibí yìí ni ọ̀pọ̀ akẹ́kọ̀ọ́ ti ń pàdánù àkókò: wọ́n á máa yí variant àga láti pupa sí búlúù, àwọ̀ kò sì ní yí, nítorí pé ẹnìkan ti kọ àwọ̀ kan tààrà sínú shot náà tẹ́lẹ̀.

Ètò yìí náà ni a fi ń to iná. Àwọn shot tó ń ṣẹlẹ̀ níbì kan náà ní àkókò kan náà a máa pín ìpele iná kan lò, tí oòrùn àti ojú ọ̀run wà nínú rẹ̀; shot kọ̀ọ̀kan yóò wá ní ìpele kékeré tirẹ̀ lórí rẹ̀, fún iná tí a fẹ́ sún díẹ̀ tàbí tí a fẹ́ pa. Bí oòrùn bá yí nínú ìpele àjọpín, gbogbo shot ni yóò gbà á lẹ́ẹ̀kan náà, àfi ibi tí shot kan bá ti ní èrò tirẹ̀ nípa oòrùn.

Ó dára kí akẹ́kọ̀ọ́ fi iná kan ṣoṣo bẹ̀rẹ̀ lórí bọ́ọ̀lù tó ní àwọ̀ eérú, kí ó máa wo bí nọ́ńbà kọ̀ọ̀kan ṣe ń ṣe. Bí a bá fi 1 kún exposure (nọ́ńbà tí a fi ń mú agbára iná pọ̀ sí i tàbí dín in kù), ìmọ́lẹ̀ náà di ìlọ́po méjì. Bí a bá fi 3 kún un, ó di ìlọ́po mẹ́jọ. Bí a bá gbé iná kékeré kan sún sẹ́yìn títí jíjìnnà rẹ̀ fi di ìlọ́po méjì, ìdá kan péré nínú mẹ́rin ìmọ́lẹ̀ rẹ̀ ni yóò dé ara bọ́ọ̀lù náà, ìyẹn 25%. Bí a bá mú kí iná tóbi sí i, etí òjìji yóò rọ̀, àmọ́ ìran náà yóò tún mọ́lẹ̀ sí i, àyàfi bí a bá tan normalize, tí kì í jẹ́ kí títóbi iná yí iye ìmọ́lẹ̀ rẹ̀ padà. Ẹni tí kò bá mọ èyí yóò máa rò pé iná náà ń ṣe bó ṣe wù ú.

Nígbà render (ìyẹn nígbà tí kọ̀ǹpútà bá ń ṣírò ìran di àwòrán), a lè mú kí kọ̀ǹpútà ya ìmọ́lẹ̀ iná kọ̀ọ̀kan sọ́tọ̀ sínú fáìlì EXR, irú fáìlì àwòrán tí ilé iṣẹ́ Industrial Light & Magic gbé jáde fún gbogbo ènìyàn ní ọdún 2003. Níwọ̀n bí ìmọ́lẹ̀ ti máa ń ro pọ̀, tí a bá ṣírò wọn pọ̀ kí a tó tún ìmọ́lẹ̀ wọn ṣe fún ojú tẹlifíṣàn tàbí sinimá, àpapọ̀ wọn á jẹ́ àwòrán náà gan-an. Nítorí náà ẹni tó ń pa àwòrán pọ̀ lè dín iná kan kù sí ìdajì, tàbí kí ó yí àwọ̀ rẹ̀ padà, láìtún render ṣe. Ohun tí kò lè ṣe níbẹ̀ ni kí ó yí ibi tí òjìji ṣubú sí, tàbí kí ó mú kí etí rẹ̀ rọ̀; fún ìyẹn, ó di dandan kí a padà sí ìpele iná inú shot, kí a sì tún un ṣe láti ibẹ̀.