"Ẹ dín in kù, ọ̀nà jìn"

Ẹni tó bá fẹ́ wa ọkọ̀ láti Abẹ́òkúta lọ sí Kàdúná, gbogbo ayé ló máa gbà á nímọ̀ràn. Tètè jí. Yẹ ọ́ìlì àti omi wò. Má rin òru. Jẹ́ kí fọkanáísà dín atẹ́gùn táyà kù, nítorí oòrùn. Mẹ́ta àkọ́kọ́ kò ní wàhálà. Ìkẹrin ló ń bí mi nínú, nítorí ọdún kan kì í lọ kí n má gbọ́ ọ, kì í sì í ṣe ẹnu ọmọdé ni mo ti ń gbọ́ ọ.

Èyí tí mo gbọ́ kẹ́yìn, Òbáńtokò l'Abẹ́òkúta ni. Bàbá kan gbé Corolla wá sọ́dọ̀ fọkanáísà, ẹrù kún bùùtù, àpò gààrí méjì tún wà lórí ìjókòó ẹ̀yìn láàárín àwọn ọmọ.

"Bàbá, ibo lẹ̀ ń lọ tẹ́ ẹ fi dira báyìí?"

"Kàdúná ni. A máa sùn n'Ílọrin."

"Háà, ọ̀nà jìn o. Oòrùn á mú un. Ẹ jẹ́ n sọ ọ́ di 26."

32 ni gééjì tí wọ́n fi ń wọn atẹ́gùn ti kà, ní òṣùwọ̀n PSI. Ó fi èékánná tẹ ẹnu fáàfù, atẹ́gùn ń dún ṣìì, bàbá ń mi orí, ó ṣàdúrà fún un, ó sì sanwó. Ohun tó dáa ló sanwó pé kí wọ́n bá òun bàjẹ́. Mo panu mọ́, nítorí táyà tèmi náà wà nílẹ̀ níbẹ̀ tó ń dúró de ọwọ́ ọkùnrin yìí.

Mo mọ ibi tí ọ̀rọ̀ náà ti wá. Àwa tí a gun kẹ̀kẹ́ ológeere dàgbà, a rántí túùbù tí a ti lẹ̀ níbi mẹ́fà, tí a fẹ́ kó le bí òkúta, tí a wá gbé sóòrùn ọ̀sán: gbàù! Láti ìgbà náà ni oòrùn ti di ọ̀tá táyà. Ṣùgbọ́n túùbù alálẹ̀mọ́ kọ́ ni táyà ọkọ̀ tí wọ́n fi wáyà irin hun inú rẹ̀.

Pé ooru ń mú kí òǹkà gééjì gòkè, irọ́ kọ́. Ẹ jẹ́ ká ṣírò rẹ̀. Táyà tó jẹ́ 32 láàárọ̀ nígbà tí ara rẹ̀ wà ní 27 lórí òṣùwọ̀n Celsius, bó bá gbóná dé 60 lójú ọ̀nà, á di nǹkan bíi 37. Márùn-ún péré ló lé. Ọ̀pọ̀ táyà ọkọ̀ kékeré ni wọ́n kọ 44 sí lára pé kí ẹnikẹ́ni má kọjá ibẹ̀, kò sì wá túmọ̀ sí pé bó bá di 45 á bẹ́.

Ibi tí a kì í ti gbọ́ra yé rèé. Wọ́n á ní, "Ṣé ẹ̀yin náà ti gbà pé ó ń lé?" Mo gbà. Ohun tí wọn kò mọ̀ ni pé òǹkà tí wọ́n kọ sí ara férémù ilẹ̀kùn dírẹ́bà, táyà tútù ni wọ́n kọ ọ́ fún. Ẹ ṣí ilẹ̀kùn yẹn, ẹ bẹ̀rẹ̀ wò ó, bébà kékeré kan ni wọ́n lẹ̀ síbẹ̀. Nínú ọ̀pọ̀ ọkọ̀ kékeré, láàárín 30 sí 35 ló máa ń wà. Ẹni tó kọ ọ́ mọ̀ pé ọkọ̀ á rìn, ó mọ̀ pé oòrùn wà láyé, ó ti ka márùn-ún yẹn mọ́ ọn kó tó kọ ọ́. Ẹ tún wá yọ márùn-ún tí wọ́n ti yọ. Táyà tútù sì ni èyí tí kò tíì rìn láti bíi wákàtí mẹ́ta, kì í ṣe èyí tí ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ wà wá láti Ìta-Ọ̀ṣìn.

Àwọn kan tilẹ̀ wà tó jẹ́ pé Ògbómọ̀ṣọ́ ni wọ́n ti ń dúró wọn ọ́n. Wọ́n rí 37, àyà wọn já, wọ́n tú u sí 32, ọkàn wọn balẹ̀. Lóru tí ọkọ̀ bá sùn ní Ìlọrin, tí táyà sì tutù, 27 ló kù níbẹ̀. Bí wọ́n bá tún ṣe bẹ́ẹ̀ lọ́jọ́ kejì, nígbà tí wọ́n bá ti ré Odò Ọya kọjá ní Jẹ́bà, kí Ọlọ́run máa ṣọ́ wọn.

Nítorí táyà tó rọ̀ gan-an ló ń gbóná jù. Ẹ mú wáyà tín-ínrín, ẹ tẹ̀ ẹ́ síwá sẹ́yìn títí tó fi máa já, kí ẹ fi ọwọ́ kan ojú ibẹ̀: ó gbóná, oòrùn kò sì dé ibẹ̀. Bí ẹ̀gbẹ́ táyà tó rọ̀ ṣe ń tẹ̀ nìyẹn nígbàkigbà tó bá yí. Táyà ọkọ̀ kékeré ń yí ní nǹkan bíi ìgbà 500 nínú kìlómítà kan. Láti Abẹ́òkúta dé Ìlọrin lé ní kìlómítà 200, ẹ sì ka gààrí mọ́ ọn. Fọkanáísà yìí kan náà tú táyà kan lójú mi, ó gbé e dà, nǹkan dúdú lẹ́búlẹ́bú sì tú jáde bíi tìróò. Ara rọ́bà inú táyà ló lọ̀ kúnná, nítorí wọ́n fi rìn láìsí atẹ́gùn tó tó. Ó gbọn ọwọ́ nù. "Ẹ wò ó," ó ní, "oòrùn!"

Lọ́dún 2000, Firestone tó ń ṣe táyà kó táyà 6,500,000 padà ní Amẹ́ríkà, ọ̀pọ̀ nínú wọn ló jẹ́ ti ọkọ̀ Ford Explorer. Táyà ń bó lójú ọ̀nà, ọkọ̀ ń gbókìtì, ó lé ní 200 èèyàn tó kú. Ilé-iṣẹ́ méjèèjì na ìka síra wọn, gééjì sì wà nínú ohun tí wọ́n ń jà lé lórí: Ford ti ní kí àwọn onímọ́tò lo 26, Firestone ní 30 ló yẹ. Atẹ́gùn nìkan kọ́ ló fà á, bí wọ́n ṣe ṣe táyà náà ní ọwọ́ nínú rẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ rántí 26 yẹn.

Ìyẹn ló bí òfin Amẹ́ríkà tó mú iná yẹ́lò tó dà bíi pátákò ẹṣin, tí àmì ìyanu wà nínú rẹ̀, wọ inú ọkọ̀ tòkunbọ̀ yín. Àwọn mìíràn ti fi téèpù bo ojú rẹ̀. Bí táyà bá fi ìdá kan nínú mẹ́rin dín sí iye tó yẹ ni òfin ní kó tàn, ìyẹn ni pé 32 gbọ́dọ̀ di 24. Bàbá wa tó wà ní 26 kò tilẹ̀ ní rí iná kankan.

N kò sọ pé kí ẹ lọ fẹ́ táyà kó le bí igi o. Èyí tó le jù kì í di ilẹ̀ mú dáadáa, bó bá sì já sí kòtò, ara rẹ̀ tètè máa ń là. Bẹ́ẹ̀ ni táyà tó ti gbó lè bẹ́ pẹ̀lú 32 rẹ̀. Ẹ wá ibi tí wọ́n kọ DOT sí lára rẹ̀, kí ẹ wo òǹkà mẹ́rin tó gbẹ̀yìn níbẹ̀: 2315 túmọ̀ sí ọ̀sẹ̀ 23 ọdún 2015, bó ti wù kó máa dán tó lọ́dọ̀ ẹni tó ń tà á. Ẹ ra gééjì tiyín, torí ti ẹ̀bá ọ̀nà lè máa purọ́ láti ọjọ́ tó ti já lulẹ̀. Ẹ má sì gbàgbé táyà ìpààrọ̀ tó wà lábẹ́ ẹrù, òun gan-an ló máa ń rọ̀ jù.

Mo padà gba Òbáńtokò kọjá lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ méjì, mo sì béèrè bàbá Corolla. Fọkanáísà ní ó ti dé Kàdúná láyọ̀, ó tiẹ̀ pè é láti dúpẹ́. Ó wo ojú mi, ó mú gééjì, ó ní, "Ẹ̀yin náà ńkọ́, ibo lẹ̀ ń lọ?"

Mo ní Ṣàpọ́n ni, nínú Abẹ́òkúta níbí.