SRC: àwọn aṣojú tó di àpò ẹgbẹ́ akẹ́kọ̀ọ́ mú

Àbúrò mi obìnrin kan tó wà ní ọdún kejì ní yunifásítì kan nílẹ̀ Ìjẹ̀bú pè mí lálẹ́ ọjọ́ kan. Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n mi, àwọn ọmọ kíláàsì wa ní kí n lọ gba fọ́ọ̀mù SRC. Ẹ jọ̀ọ́, kí ni wọ́n ń ṣe níbẹ̀ gan-an? Ṣebí ààrẹ ló ni ẹgbẹ́?"

Mo ti gbọ́ irú ìbéèrè yìí lẹ́nu ọ̀pọ̀ akẹ́kọ̀ọ́, kódà lẹ́nu àwọn òbí. Fọ́tò ààrẹ ló kún ara ògiri nígbà ìbò, òun ni wọ́n ń kí ní "kọ́múrédì" láti ẹnu géètì, òun náà ni àwọn oníròyìn ń wá. Ojú rẹ̀ nìkan ni ayé rí. Ṣùgbọ́n èmi tí mo ti jókòó nínú SRC rí gbà pé ibẹ̀ gan-an ni agbára ẹgbẹ́ akẹ́kọ̀ọ́ wà, bí àwọn tó jókòó síbẹ̀ bá mọ ohun tó wà lọ́wọ́ wọn.

SRC (Students' Representative Council) ni ìgbìmọ̀ aṣojú akẹ́kọ̀ọ́, ìyẹn ilé aṣòfin ẹgbẹ́. Àwọn ilé ẹ̀kọ́ kan ń pè é ní pálíámẹ́ǹtì, ṣùgbọ́n iṣẹ́ kan náà ni. Ẹ̀ka ẹ̀kọ́ tàbí fákọ́tì kọ̀ọ̀kan á dìbò yan ẹni tí yóò lọ ṣojú fún un. Àwọn tí wọ́n yàn á wá fi ẹnì kan ṣe olórí láàárín ara wọn, òun ni wọ́n ń pè ní Sípíkà, wọ́n á sì yan akọ̀wé ilé.

Kò yẹ kí èyí ṣòro láti yé ẹni tó bá dàgbà sí Ìjẹ̀bú. Awùjalẹ̀ kì í dá ìlú ṣe láyé àtijọ́. Àwọn Ìlámùrẹ́n wà, ìyẹn àwọn ìjòyè ńlá. Òṣùgbó wà, tó ń gbọ́ ẹjọ́ tó sì ń fìdí òfin múlẹ̀. Pàǹpá náà wà, tó ń gbẹnu sọ fún mẹ̀kúnnù. Pàǹpá yìí ni mo máa ń fi SRC wé fún ọmọ Ìjẹ̀bú. Wọn kò rí bákan náà délẹ̀, torí ìbò ni wọ́n fi ń dé SRC, sáà kan péré ni aṣojú sì ń lò kí wọ́n tó tún dìbò, ṣùgbọ́n nínú méjèèjì, ẹni tó wà lókè mọ̀ pé àwọn kan wà nísàlẹ̀ tí wọ́n lè bi òun léèrè ọ̀rọ̀.

Àwọn tó wà lókè náà ni aláṣẹ ẹgbẹ́: ààrẹ, igbákejì rẹ̀, akọ̀wé àgbà, akọ̀wé owó, akápò, alukoro, àti àwọn tó ń bójú tó ìgbáyé-gbádùn, eré ìdárayá àti fàájì. Iṣẹ́ ojoojúmọ́ wà lọ́rùn wọn. Bí iná bá lọ ní ilé ìgbé, wọn ló ń lọ bá àwọn ọ̀gá yunifásítì. Bí ọlọ́pàá bá mú akẹ́kọ̀ọ́, wọn ló ń sáré lọ sí tẹ́ṣàn. Bí ọlọ́kadà àti onímárúwá bá fowó lé owó ọkọ̀, wọn ló ń lọ bá wọn dúnàádúrà. Iṣẹ́ ńlá ni, mi ò fojú kéré rẹ̀. Ẹgbẹ́ tún máa ń ní ìgbìmọ̀ onídàájọ́ tirẹ̀, tó ń túmọ̀ ìwé òfin ẹgbẹ́ nígbà tí ìjà bá dé.

Ọ̀rọ̀ owó ló yẹ ká dúró lé lórí díẹ̀. Owó ẹgbẹ́ kì í wá láti àpò ààrẹ. Akẹ́kọ̀ọ́ kọ̀ọ̀kan ló ń san án, ní ọ̀pọ̀ ilé ẹ̀kọ́ a sì máa wà nínú owó ilé ẹ̀kọ́ tí òbí ń san, tí òbí pàápàá kò ní mọ̀ pé ó wà níbẹ̀. Ọwọ́ yunifásítì ni owó náà ń kọ́kọ́ dé. Kó tó jáde, àwọn aláṣẹ ẹgbẹ́ gbọ́dọ̀ kọ ètò ìṣúná, kí wọ́n sì gbé e wá síwájú SRC. Ilé á kà á ní ìlà kọ̀ọ̀kan. Wọ́n lè dín in kù, wọ́n lè dá a padà, wọ́n lè ní kí wọ́n kúkú yí i kọ. Ìgbà tí wọ́n bá fọwọ́ sí i ló ku ìbuwọ́lù ààrẹ àti ti akápò tàbí akọ̀wé owó, lẹ́yìn náà ọ́fíìsì Díìnì tó ń rí sí ọ̀rọ̀ akẹ́kọ̀ọ́ á fọwọ́ sí i. Ìwé òfin ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan ní bó ṣe tò ó, ṣùgbọ́n ṣàṣà ni èyí tí owó ti ń jáde láìjẹ́ pé ó gba iwájú ilé kọjá.

Mo rántí ọdún tí mo jẹ́ aṣojú. Mi ò ní dárúkọ ilé ẹ̀kọ́ náà. Wọ́n gbé ètò ìṣúná wá lọ́sàn-án ọjọ́ Ẹtì, nígbà tí ọ̀pọ̀ ti ń múra àtilọ sílé. Iye wa kò fẹ́rẹ̀ẹ́ pé kọ́ọ̀ráàmù, ìyẹn iye aṣojú tó gbọ́dọ̀ wà níjòkòó kí ìpinnu tó lè múlẹ̀. Wọ́n pín ìwé mẹ́ta fún gbogbo wa. Sípíkà bèèrè pé ṣé ká fọwọ́ sí i, a pariwo "bẹ́ẹ̀ ni," a sì dìde. Èmi náà pariwo. Nígbà tí mo wá jókòó kà á lọ́jọ́ Àìkú, owó ayẹyẹ ìkíni-káàbọ̀ àwọn ọmọ tuntun gba ìdajì rẹ̀ kọjá, kò sì sí kọ́bọ̀ kan fún ẹ̀rọ omi ilé ìgbé àwọn obìnrin tó ti bàjẹ́. Fún ìyókù sáà yẹn, àwọn ọmọbìnrin ń pọn omi nínú kẹ́ẹ̀gì gòkè àjà kẹta láàárọ̀ kùtù, àwọn mìíràn ní ọjọ́ ìdánwò. Ó ń dùn mí títí dòní, torí ohùn mi wà nínú "bẹ́ẹ̀ ni" yẹn.

Yàtọ̀ sí owó, SRC lè pe aláṣẹ èyíkéyìí kó wá ṣàlàyé ara rẹ̀, ó lè gbé ìgbìmọ̀ dìde láti yẹ ìwé owó wò, ó sì lè yọ aláṣẹ nípò. Nínú ọ̀pọ̀ ìwé òfin, ìdá méjì nínú mẹ́ta àwọn aṣojú ló gbọ́dọ̀ fọwọ́ sí ìyọnípò. Àwọn kan ti sọ ọ́ di ohun ìdúnkookò: ẹ fún wa ní tiwa, àbí ká yọ yín. Ìyẹn kì í ṣe iṣẹ́ aṣojú, olè jíjà ni.

Kóńgírẹ́ẹ̀sì ga ju SRC lọ. Òun ni ìpàdé gbogbo akẹ́kọ̀ọ́, níbi tí ẹni tó wà ní ọdún àkọ́kọ́ àti ẹni tó ń lọ ti ní ẹnu kan náà. Ó dára fún ọ̀rọ̀ ńlá tó kan gbogbo èèyàn, irú bíi pé owó ilé ẹ̀kọ́ lọ sókè. Ṣùgbọ́n ẹgbẹ̀rún èèyàn kò lè dúró lábẹ́ oòrùn kí wọ́n máa yẹ rìsíìtì wò. Ìdí nìyẹn tí a fi ń yan aṣojú.

Ibì kan tún wà tí aṣojú ti wúlò gan-an ní agbègbè wa. Àgọ́-Ìwòyè ni olú-ilé yunifásítì Olabisi Onabanjo, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1982 pẹ̀lú orúkọ Yunifásítì Ìpínlẹ̀ Ògùn, ṣùgbọ́n ó ní ọgbà ní Ṣágámù, ní Ìbógùn àti ní Ayétòrò pẹ̀lú. Ẹni tó ń kọ́ ìṣègùn ní Ṣágámù kì í bá ti Àgọ́-Ìwòyè pàdé lójoojúmọ́. Bí ilé ẹ̀kọ́ bá fọ́n ká báyìí, aṣojú nìkan ló lè gbé ìṣòro ọgbà tó jìnnà dé orí tábìlì.

Ọwọ́ àwọn aláṣẹ yunifásítì kì í kúrò nínú ọ̀rọ̀ náà o. Wọ́n lè ní kí ẹni tó bá fẹ́ díje ní iye àmì ẹ̀kọ́ kan, wọ́n lè fòfin de ẹgbẹ́, wọ́n lè fi ìgbìmọ̀ fìdíhẹ sípò rẹ̀. Ìdí rẹ̀ jìnnà. Wọ́n dá NUNS, ẹgbẹ́ gbogbo akẹ́kọ̀ọ́ Nàìjíríà, sílẹ̀ ní 1956. Ní 1978, lábẹ́ Segun Okeowo tó jẹ́ ààrẹ rẹ̀, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ jáde ta ko ẹ̀kún owó oúnjẹ àti ilé ìgbé, ìwọ́de tí àwọn èèyàn mọ̀ sí "Ali Must Go," torí Ahmadu Ali ni kọmíṣọ́nnà ètò ẹ̀kọ́ ìjọba àpapọ̀ nígbà náà. Wọ́n yìnbọn pa akẹ́kọ̀ọ́, ìjọba ológun sì fòfin de NUNS. NANS tí a ń gbọ́ lónìí, tó kó ẹgbẹ́ àwọn ilé ẹ̀kọ́ káàkiri jọ, 1980 ló bẹ̀rẹ̀. Ní 1989, ìjọba ológun mìíràn ṣe òfin pé wíwọ ẹgbẹ́ kò gbọ́dọ̀ jẹ́ dandan fún akẹ́kọ̀ọ́. Láti ìgbà náà, ẹgbẹ́ tó bá fẹ́ kí àwọn ọmọ rẹ̀ dúró tì í ní láti fi iṣẹ́ hàn wọ́n.

Gbogbo èyí ni mo ṣàlàyé fún àbúrò mi. Mo ní kó má gba fọ́ọ̀mù títí yóò fi rí ìwé òfin ẹgbẹ́ kà, kó sì bi aṣojú tó ń lọ léèrè pé ẹ̀ẹ̀melòó ni wọ́n ka ètò ìṣúná kí wọ́n tó fọwọ́ sí i. Lọ́sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, ó yá ìwé òfin náà lọ́wọ́ ọ̀rẹ́ rẹ̀ kan, ó fi fóònù ya ojú ewé rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan, ó sì fi ránṣẹ́ sí mi. A ti jọ ka á dé abala tó sọ ẹni tí yóò buwọ́ lu owó.