Flap tí dókítà ń sọ yẹn, kí ló ń jẹ́ bẹ́ẹ̀?

Ẹ fọwọ́ tẹ ojúgun yín wò ná. Awọ lẹ máa kọ́kọ́ bá, egungun ló kàn, kò sẹ́ran níbẹ̀, àmọ́ tẹ́ ẹ bá yíwọ́ lọ sẹ́yìn ẹsẹ̀, ẹran kún bẹ̀ fọ́fọ́. Torí ẹ̀ ló fi jẹ́ pé tí jàǹbá ọkọ̀ tàbí egbò ìtọ̀ ṣúgà bá bó iwájú ẹsẹ̀ tàbí gìgísẹ̀, kì í pẹ́ tí egungun fi máa ń ṣí síta, dókítà á wá ní flap lòun máa fi bò ó.

Ọ̀pọ̀ èèyàn rò pé skin graft náà ni. Wọn ò jọra rárá o. Skin graft, awọ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ ni wọ́n máa bó látara itan tí wọ́n á tẹ́ sójú egbò, kò gbẹ́jẹ̀ kankan dání, ojú egbò yẹn ló máa bọ́ ọ, tójú egbò bá pupa dáadáa á mú, àmọ́ tó bá jẹ́ orí egungun tí ìbòrí ẹ̀ ti ṣí kúrò ni wọ́n tẹ́ ẹ sí, irúgbìn orí àpáta nìyẹn, á kàn dúdú, á kú. Flap ní tiẹ̀, awọ àti ọ̀rá, nígbà míì ẹran pàápàá, ni wọ́n máa gbé pẹ̀lú iṣan tó ń gbẹ́jẹ̀ wọnú ẹ̀ àtèyí tó ń gbé e jáde, bí ìgbà téèyàn hú igi tòun ti erùpẹ̀ ìdí ẹ̀.

Tí egbò bá wà nítòsí orúnkún, wọ́n lè yí ẹran ẹ̀yìn ẹsẹ̀ wá síwájú. Lápá ọrùn ẹsẹ̀ ni wàhálà wà, torí kò sẹ́ran tó ṣeé yí níbẹ̀. Ibẹ̀ ni free flap ti wúlò: wọ́n á gé e kúrò lára itan tàbí ẹ̀yìn pátápátá, wọ́n á wá fi òwú tó tín-ín-rín ju irun orí lọ rán iṣan ẹ̀jẹ̀ ẹ̀ mọ́ tẹsẹ̀ lábẹ́ máíkírósíkóòpù. Lọ́dún 1973 ni dókítà oníṣẹ́ abẹ méjì, Rollin Daniel àti Ian Taylor, kọ ìròyìn irú ẹ̀ tí wọ́n ṣe sẹ́sẹ̀ ẹnì kan ní Melbourne, Ọsirélíà. Kó tó dìgbà yẹn, ńṣe ni wọ́n máa ń so ẹsẹ̀ méjèèjì pọ̀ fún bí ọ̀sẹ̀ 3, kí ẹsẹ̀ kan lè máa fẹ́jẹ̀ bọ́ ìkejì, ẹ sáà rò ó wò, ọ̀sẹ̀ mẹ́ta láìlè ya ẹsẹ̀!

Lẹ́yìn iṣẹ́ abẹ, nọ́ọ̀sì á máa wá fìka tẹ flap náà ní wákàtí wákàtí, lóru náà, ẹ má bínú sí i. Tó bá funfun tó tún tutù, ẹ̀jẹ̀ ò wọlé nìyẹn. Tó bá wú tó wá ń dà bí aró, ẹ̀jẹ̀ ò rọ́nà jáde, wọ́n lè gbé èèyàn padà sí tíátà lójú ẹsẹ̀. Sìgá ńkọ́? Ẹ gbàgbé ẹ̀, ó máa ń fún iṣan ẹ̀jẹ̀ pọ̀.

Tàtẹ́lẹsẹ̀ tún wá yàtọ̀, torí flap ibẹ̀ kì í sábà mọ ìrora bíi ti tẹ́lẹ̀, òkúta lè wà nínú bàtà kó máa gún un kéèyàn má mọ̀, egbò míì tún dé nìyẹn, torí náà kí ẹni tí wọ́n ṣe é fún máa gbọn bàtà ẹ̀ kó tó wọ̀ ọ́, kó sì máa fi dígí yẹ àtẹ́lẹsẹ̀ ẹ̀ wò lálaalẹ́.