Mo mọ gírámà nínú ìwé, kí ló dé tí Gẹ̀ẹ́sì kò yọ̀ mọ́ mi lẹ́nu?

Àgbàlagbà ló pọ̀ jù nínú àwọn tó ń kọ́ Gẹ̀ẹ́sì lọ́dọ̀ mi. Nọ́ọ̀sì tó fẹ́ ṣe ìdánwò Gẹ̀ẹ́sì tí wọ́n ń pè ní IELTS wà níbẹ̀, aláṣọ tó ń bá oníbàárà òkè òkun sọ̀rọ̀ lórí fóònù wà níbẹ̀, bẹ́ẹ̀ náà ni àwọn tó ti gba kírédíìtì ní WAEC tí wọn kì í fẹ́ la ẹnu láwùjọ. Ìbéèrè wọn jọra wọn gan-an. Mo kó àwọn tó wọ́pọ̀ jù síbí.

Ẹ jọ̀ọ́ mà, mo yege gírámà nílé ẹ̀kọ́. Kí ló dé tí mi ò lè sọ gbólóhùn mẹ́ta kí n má kọsẹ̀?

Ọwọ́ lẹ fi kọ́ ọ, ẹ ò fi ẹnu kọ́ ọ. Nínú ìdánwò, ẹ ní àyè láti wo A, B, C, D kí ẹ tó mú ọ̀kan. Ẹni tó ń sọ̀rọ̀ kò ní àyè yẹn, èdè tó ti mọ́ ọn lẹ́nu láti kékeré ló máa ń ṣáájú. Ibi tí àṣìṣe ti ń wọlé kò sì pọ̀ tó bí ẹ ṣe rò. Àwọn oríta kan wà tí Yorùbá ti yà sọ́tùn-ún, tí Gẹ̀ẹ́sì yà sósì. Ẹ mọ àwọn oríta yẹn, kí ẹ sì máa fi ẹnu rìn wọ́n, ìwé kò lè bá yín rìn wọ́n.

Wọ́n ní mo máa ń sọ pé "I didn't went". Kí ló burú níbẹ̀?

Ọ̀rọ̀ ìṣe wa kì í yí padà. "Mo lọ lánàá", "mo máa lọ lọ́la", "mi ò lọ": "lọ" náà ni. Tí a bá sì ti ní "mo lọ" láìfi nǹkan kan kún un, ẹni tó gbọ́ ọ ti mọ̀ pé ó ti ṣẹlẹ̀. Ìdí nìyẹn tí "I see him yesterday" fi máa ń jáde lẹ́nu ẹni tó mọ "saw" dáadáa.

Nínú Gẹ̀ẹ́sì, ọ̀rọ̀ ìṣe gan-an ló ń yí, "go" á di "went". Ṣùgbọ́n tí "did" bá ti wọlé, òun ló gba iṣẹ́ náà, ọ̀rọ̀ ìṣe á padà sí bó ṣe wà tẹ́lẹ̀: "I didn't go", "Did you see him?" Ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ni Gẹ̀ẹ́sì fẹ́ ká sọ pé nǹkan ti kọjá, ẹni tó ní "didn't went" ti sọ ọ́ lẹ́ẹ̀mejì. Ẹ mú ohun tí ẹ ṣe lánàá, ẹ sọ ọ́, ẹ sẹ́ ẹ, ẹ sì fi béèrè: "I bought rice. I didn't buy rice. Did you buy rice?" Ẹ pariwo sọ ọ́ títí ẹnu á fi máa mú un fúnra rẹ̀.

Mo máa ń pe ìyá mi ní "he". Ojú a sì tì mí.

Kò yẹ kójú tì yín. Ọkùnrin, obìnrin, ajá, tábìlì, "ó" ni gbogbo wọn lọ́dọ̀ wa, nítorí náà ẹnu Yorùbá kò tíì kọ́ bí a ṣe ń yan ọ̀kan láàárín ọ̀rọ̀. Ọ̀wọ̀ tún wà níbẹ̀. Mo mọ obìnrin kan tó gbé ìyá rẹ̀ lọ sọ́dọ̀ dókítà lókè òkun, tó ní "They have been vomiting since night." Dókítà bẹ̀rẹ̀ sí í béèrè àwọn yòókù tó ń bì nílé. Nínú Gẹ̀ẹ́sì, "she" kì í ṣe àrífín sí ìyá ẹni. Tí ẹ bá fẹ́ kó mọ́ yín lẹ́nu, ẹ máa ròyìn ìgbéyàwó, ohun tí ìyàwó ṣe àti ohun tí ọkọ ṣe, kí ẹ máa pààrọ̀ wọn.

Kí ló dé tí àwọn òyìnbó fi máa ń gbọ́ "Yes" mi sódì?

Èyí ló ká mi lára jù, nítorí ó lè ṣèpalára. Ká ní nọ́ọ̀sì àgbà béèrè pé "Haven't you given him the drug?" Ẹni tó ń ronú ní Yorùbá á gbọ́ "Ṣé ẹ ò tíì fún un lóògùn ni?", á sì dáhùn "Bẹ́ẹ̀ ni", ìyẹn ni pé bí ẹ ṣe sọ ọ́ ló rí, mi ò tíì fún un. Ló bá ní "Yes". Ohun tí nọ́ọ̀sì àgbà gbọ́ ni pé aláìsàn ti lo oògùn. Ó kọ ọ́ sílẹ̀, ó sì kọjá lọ.

Ìbéèrè ni ìdáhùn Yorùbá ń bá ṣe, bóyá òótọ́ ni ẹni tó béèrè sọ tàbí kò sọ òótọ́. Gẹ̀ẹ́sì kò ka ìyẹn sí, ohun tó ṣẹlẹ̀ ló ń wò. Tí ẹ bá ti fún un, "Yes, I have." Tí ẹ ò bá tíì fún un, "No, I haven't." Ẹ má ṣe dá "Yes" tàbí "No" sọ lẹ́nu iṣẹ́ láé, ẹ fi ìyókù kún un. "Do you mind if I sit here?" náà tún wà níbẹ̀. Ẹ ti ní "Yes" pẹ̀lú ẹ̀rín músẹ́, àlejò sì ti wá ìjókòó mìíràn lọ, nítorí ohun tó béèrè ni bóyá ó máa dí yín lọ́wọ́.

Gírámà mi dára tí mo bá kọ ọ́ sílẹ̀, àmọ́ wọ́n ní kò dára tí mo bá sọ ọ́. Báwo nìyẹn ṣe jẹ́?

Ẹ wo ohun tí a ṣe sí "bread" àti "stove": búrẹ́dì, sítóòfù. Yorùbá kì í jẹ́ kí kọ́ńsónáǹtì méjì so pọ̀, fáwẹ̀lì ló sì máa ń parí ọ̀rọ̀. Nígbà tí a bá wá dé "asked", tí kọ́ńsónáǹtì mẹ́ta tò sídìí, a máa ń gé ìrù rẹ̀, ó di "I ask him". Olùgbọ́ á rò pé ẹ ò mọ gírámà, bẹ́ẹ̀ pípè ló fà á. Ẹ fi ọ̀rọ̀ tó fi fáwẹ̀lì bẹ̀rẹ̀ tẹ̀lé e: "asked Ade", "helped us". Ìrù yẹn á lẹ̀ mọ́ fáwẹ̀lì tó tẹ̀lé e, ẹnu á gbà á.

Ní ti "v" àti "z" tí Yorùbá ò ní, ẹ gbé ìka lé ọ̀nà ọ̀fun, ẹ pe "s" kó pẹ́, kí ẹ wá fi ohùn sí i títí ọ̀fun á fi máa gbọ̀n. "Z" nìyẹn. Bẹ́ẹ̀ náà ni "f" ṣe ń di "v".

Èyí tó tún le díẹ̀ ni títẹ sílébù. Gbogbo sílébù wa ló ní ohùn tirẹ̀. Gẹ̀ẹ́sì máa ń tẹ ọ̀kan, á sì gbé àwọn yòókù mì. Nínú "development", sílébù kejì ni wọ́n ń tẹ̀. Tí ẹ bá tẹ ibòmíràn, olùgbọ́ lè má mọ ohun tí ẹ sọ rárá, bí ẹ tiẹ̀ pe gbogbo lẹ́tà rẹ̀ dáadáa. Díṣọ́nárì Cambridge wà lọ́fẹ̀ẹ́ lórí íntánẹ́ẹ̀tì, ó ní ibi tí ẹ lè tẹ̀ kí ẹ gbọ́ pípè Bìrìtìkó àti ti Amẹ́ríkà.

Ṣé kí n má sọ Yorùbá sáwọn ọmọ mi mọ́, kí Gẹ̀ẹ́sì lè yọ̀ mọ́ wọn lẹ́nu?

Mo bẹ̀ yín, ẹ má ṣe é. Ní 1970, Ọ̀jọ̀gbọ́n Babátúndé Fáfúnwá àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Yunifásítì Ifẹ̀ bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ìwádìí kan nílé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀. Yorùbá ni wọ́n fi kọ́ àwọn ọmọ ní ìṣirò, sáyẹ́ǹsì àtàwọn iṣẹ́ yòókù fún ọdún mẹ́fà gbáko. Gẹ̀ẹ́sì dá dúró bí iṣẹ́ kan, olùkọ́ tó kọ́ṣẹ́ rẹ̀ ló sì ń kọ́ wọn. Wọ́n fi wọ́n wé àwọn ọmọ tí wọ́n bọ́ sí Gẹ̀ẹ́sì ní ọdún kẹrin. Àwọn tó fi Yorùbá kàwé kò rẹ̀yìn nínú Gẹ̀ẹ́sì rárá, wọ́n sì ṣe dáadáa nínú àwọn iṣẹ́ yòókù.

Ẹ kíyè sí olùkọ́ yẹn. Òbí tí Gẹ̀ẹ́sì rẹ̀ kò dán mọ́rán, tó wá ń fi bá ọmọ sọ̀rọ̀ tàárọ̀ tálẹ́, àṣìṣe tirẹ̀ ló ń kọ́ ọmọ náà. Ó máa ń dùn mí tí mo bá rí ọmọ tí kò gbọ́ Yorùbá, tí Gẹ̀ẹ́sì rẹ̀ náà sì mẹ́hẹ. Ẹ fún un ní Yorùbá tó jinlẹ̀, kí ẹ sì wá ẹni tó mọ Gẹ̀ẹ́sì fún un.

Ṣé ó di dandan kí n máa sọ̀rọ̀ bí òyìnbó?

Rárá. Nínú IELTS, ẹ ó bá olùdánwò sọ̀rọ̀ fún ìṣẹ́jú 11 sí 14. Ohun tí wọ́n ń wò ni bí ọ̀rọ̀ ṣe ń ṣàn tó sì bára mu, bí ẹ ṣe ń lo ọ̀rọ̀, gírámà, àti bóyá pípè yín yéni. Wọn ò béèrè ohùn Lọ́ńdọ̀nù. Ẹni tó ń fi imú sọ̀rọ̀ láti farawé wọn a máa sọ ọ́ di ohun tí kò yé ẹnikẹ́ni.

Kí ni kí n wá máa ṣe lójoojúmọ́?

BBC Learning English ní ètò oníṣẹ́jú mẹ́fà tó wà lọ́fẹ̀ẹ́. Ẹ gbọ́ gbólóhùn kan, ẹ dá a dúró, ẹ sọ ọ́ bí wọ́n ṣe sọ ọ́. Lẹ́yìn náà, ẹ fi fóònù gba ohùn ara yín sílẹ̀ níbi tí ẹ ti ń sọ bí ọjọ́ yín ṣe lọ, láìkọ nǹkan kan sílẹ̀ ṣáájú. Ẹ gbọ́ ọ padà. Ẹ máa gbọ́ "he" tí ẹ fi pe obìnrin, ẹ máa gbọ́ ìrù "asked" tí ẹ gé. Irú àṣìṣe kan péré ni kí ẹ mú fún ọ̀sẹ̀ yẹn, kí ẹ fi àwọn yòókù sílẹ̀ ná. Tí ẹ bá fẹ́ tún gbogbo rẹ̀ ṣe lẹ́ẹ̀kan náà, ẹ ò ní lè la ẹnu mọ́. Ẹ wá ọ̀rẹ́ kan tí ẹ ó jọ máa sọ ọ́ lórí fóònù, kí ẹ sì jọ fẹnu kò pé ẹni tó bá ń sọ̀rọ̀ lọ́wọ́, a ò ní dá a lẹ́kun. Tó bá parí tán la ó sọ ẹyọ kan tó yẹ kó tún ṣe.