Kì í ṣe ojú yín ni ẹja àrọ̀ mọ̀

Níbi tí wọ́n bá ti ń sin ẹja, ẹ ò ní ṣàì rí ẹnì kan tó máa sọ fún yín pé ẹja òun mọ òun. Kò sọ pé wọ́n mọ àsìkò oúnjẹ o. Òun fúnra ẹ̀ ni wọ́n mọ̀. "Bí ẹlòmíì bá dé ibẹ̀, wọn ò ní yọjú." Á tún fi fídíò hàn yín: òun rèé létí pọ́ńdù, omi dákẹ́ rọ́rọ́, ó da ẹ̀kúnwọ́ fíìdì kan, omi bá ń hó. Mo ti gbọ́ ọ lẹ́nu àwọn tí wọ́n mọ iṣẹ́ yìí jù mí lọ dáadáa, síbẹ̀ ó máa ń bí mi nínú.

Ẹ jẹ́ ká yára kọjá ibi tí kò ti sí àríyànjiyàn. Ẹja ń kọ́ nǹkan, ó sì ń rántí. Àwọn tó ń sọ pé ìrántí ẹja kì í pẹ́ ju ìṣẹ́jú-àáyá mẹ́ta lọ ń ṣàwàdà ni. Ní Ọsirélíà, Culum Brown, onímọ̀ tó ń ṣèwádìí nípa ẹja, jẹ́ kí àwọn ẹja kéékèèké kan mọ ojú ihò tí wọ́n lè gbà bọ́ lọ́wọ́ àwọ̀n. Oṣù 11 lẹ́yìn ìgbà náà, wọ́n ṣì rántí ọ̀nà. Bí ẹ bá sì ń fún ẹja lóúnjẹ ní aago kan náà lójoojúmọ́, wọ́n á ti máa yí kiri kí ẹ tó dé. Gbogbo ẹni tó sin ẹja rí ló mọ èyí.

"Èmi ni wọ́n mọ̀" yẹn gan-an ló há sí mi lọ́fun. Kí ni wọ́n fi mọ̀ yín? Ẹ ti ọwọ́ bọ omi pọ́ńdù àrọ̀ tí wọn ò tíì pààrọ̀ láti bí ọjọ́ mélòó kan. Kí omi tó mù yín dé ìgbọ̀nwọ́, ẹ ò ní rí ìka yín mọ́. Inú omi yẹn ni ẹja wà o, tó fi ojú bíńtín tó ní ń wo òkè, tí ìgbì omi sì ń fọ́ ohun tó ń wò sí wẹ́wẹ́. Àrọ̀ kì í sì í ṣe ẹja tó gbójú lé ojú. Òru ló máa ń jẹ̀ jù. Irun mẹ́jọ tó wà lẹ́nu ẹ̀ ló fi ń tọ́ nǹkan wò, tó sì fi ń wá oúnjẹ kiri nínú òkùnkùn. Egungun wẹ́wẹ́ kan so àpò afẹ́fẹ́ inú ara ẹ̀ pọ̀ mọ́ etí inú, kò sì sí bí ẹ ṣe lè fẹsẹ̀ kilẹ̀ létí pọ́ńdù tí kò ní gbọ́. Bí omi bá rú díẹ̀, ẹ̀gbẹ́ ara ẹ̀ ti mọ̀ ọ́n lára. Ojú lọ̀rọ̀ wà, àwa èèyàn la ni ìyẹn.

Ní 1923, Karl von Frisch, onímọ̀ nípa ẹranko, ọmọ ilẹ̀ Austria tó wá gba ẹ̀bùn Nobel ní 1973, kọ̀wé lórí ẹja kan tó jẹ́ ìbátan àrọ̀ lọ́nà jíjìn. Ẹja náà ò ríran. Wọ́n ti yọ ojú ẹ̀ méjèèjì. Bí von Frisch bá fẹ́ fún un lẹ́ran, á kọ́kọ́ súfèé. Kò pẹ́ púpọ̀ tí ẹja yìí fi bẹ̀rẹ̀ sí í jáde nínú ihò amọ̀ tó ń gbé, kìkì nítorí súfèé, kí wọ́n tó gbé ẹran kankan sómi. Ta ni ẹja yẹn mọ̀?

Ohun tó ń dùn mí jù ni pé kò sẹ́ni tó ń dán ọ̀rọ̀ náà wò. Ìdánwò ọ̀hún ò le. Ẹ wá ẹlòmíì, kí ó wọ bàtà òjò yín, kí ó gbé korobá yín, kí ó dé ní aago yín, kí ó gba ibi tí ẹ máa ń gbà, kí ó dúró ní igun tí ẹ máa ń dúró, kí ó sì máa da fíìdì díẹ̀díẹ̀ bí ẹ ti ń ṣe. Ẹ̀yin ẹ má sí nítòsí. Lọ́jọ́ mìíràn, kí ẹ̀yin fúnra yín rọra yọ́ wá ní aago mìíràn, láìwọ bàtà, láìgbé korobá, kí ẹ lọ dúró ní igun kejì. Mo ti dábàá èyí fún àwọn kan. Ẹ̀rín ni wọ́n fi dá mi lóhùn.

Ẹ̀rí tí wọ́n máa ń gbé wá ni pé, "Mo rìnrìn àjò, mo fi ọmọ sílẹ̀, ẹja ò jẹun." Ó dáa. Aago mélòó lọmọ náà dé ibẹ̀? Ṣé aago méje ni àbí ìgbà tó ti bọ́ọ̀lù dé? Ṣé kì í ṣe pé ó da gbogbo fíìdì sójú kan lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, tó sì sáré padà sídìí fóònù ẹ̀? Bí ẹja ò bá wá nígbà yẹn, gbogbo ohun tí wọ́n mọ̀ ló yí padà, kì í ṣe ojú ọ̀gá nìkan.

Mi ò ní búra, ṣá. Ẹja kan wà tó máa ń tu omi lu kòkòrò tó bà sórí ewé. Ní 2016, wọ́n fi oúnjẹ kọ́ ọ láti da ojú èèyàn kan mọ̀ láàárín ojú 44 mìíràn, ó sì ń tu omi sí èyí tó tọ̀nà lọ́pọ̀ ìgbà. Ṣùgbọ́n ojú ni ìyẹn fi ń wá oúnjẹ, inú omi tó mọ́ ló sì wà. Ní 2025, ìwádìí kan jáde láti Mẹditaréníà: àwọn ẹja òkun tí ẹnì kankan ò sìn ń tẹ̀ lé òmùwẹ̀ tó máa ń fún wọn lóúnjẹ, wọ́n sì ń pa ẹnì kejì tì. Ìgbà tí àwọn òmùwẹ̀ méjèèjì wá wọ aṣọ kan náà, ẹja ò mọ èwo ni èwo mọ́. Nítorí náà ó lè jẹ́ pé àrọ̀ náà mọ nǹkan kan nípa yín: bí ẹ ṣe ń gbẹ́sẹ̀, ìró korobá yín. Pé ojú yín ni, ẹ kọ́kọ́ dán an wò ná.

Ìgbéraga nìkan kọ́ ni wàhálà ọ̀rọ̀ yìí. Ẹni tó gbà pé ẹja òun ń wá kí òun máa ń da fíìdì ní gbogbo ìgbà tí wọ́n bá yọjú. Ẹja tó ti mọ korobá á yọjú bó tilẹ̀ ti yó, èyí tí kò bá sì jẹ á jẹrà sínú omi. Àwọn ṣúútà ló sì máa ń pọ̀ jù lára àwọn tó ń sáré wá yẹn, àwọn tó ti tóbi ju ẹgbẹ́ wọn lọ. Àwọn kéékèèké wà nísàlẹ̀, ẹ ò rí wọn, oúnjẹ ò sì tó wọn. Bí ẹ ò bá ṣa àwọn ńlá sọ́tọ̀, àwọn kéékèèké náà ni wọ́n máa fi ṣe fíìdì.

Ẹ wá ṣọ́ra pàápàá láàárọ̀ kùtùkùtù. Àrọ̀ máa ń gòkè wá gbé afẹ́fẹ́ mì, ẹyọ kan níhìn-ín, ẹyọ kan lọ́hùn-ún, kò sí ewu níbẹ̀. Ṣùgbọ́n bí ẹ bá bá ọ̀pọ̀ wọn tí wọ́n na ara sókè lóròó, tí ẹnu gbogbo wọn wà lójú omi, tí wọn ò sì kúrò níbẹ̀, ẹ má da fíìdì kankan o. Omi ló ti bàjẹ́. Ẹ pààrọ̀ ẹ̀.