Fọ́síféètì tó pọ̀ jù nínú ẹ̀jẹ̀: kí ló ń fà á, kí lẹ fẹ́ ṣe sí i?

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ lẹ́bìí tó ń lọ ṣe dáyálísíìsì, ìyẹn fífi ẹ̀rọ fọ ẹ̀jẹ̀, ní UCH níbí n'Ìbàdàn, ẹ lè ti gbọ́ kí dókítà sọ pé fọ́síféètì wọn ti ga. Fọ́síféètì ò kí ń ṣe májèlé o, inú oúnjẹ ló ti ń wá, ara sì nílò ẹ̀, nǹkan bí ìdá 85 nínú 100 ẹ̀ ló wà nínú egungun àti eyín wa. Èyí tára ò bá lò, kíndìnrín ló ń bá wa fi ìtọ̀ dà á nù, tí kíndìnrín bá wá ti ń daṣẹ́ sílẹ̀, kò ríbi gbà jáde mọ́, ẹ̀jẹ̀ ló máa kóra jọ sí. Ohun tó sábà máa ń fà á nìyẹn. Fítámì D àlòjù lè fà á náà, tàbí kí họ́mónù PTH tó ń wá látọrùn má tó.

Ohun tó ń bà mí lẹ́rù nípa ẹ̀ ni pé ó lè má han rárá. Ara lè máa yún èèyàn, egungun lè máa ro ó, wọ́n á ní lákúrègbé ni, wọ́n á lọ ra àgbo, bẹ́ẹ̀ fọ́síféètì yẹn ti ń so mọ́ kálísíọ̀mù, ó ń lẹ̀ mọ́ òpó ẹ̀jẹ̀, òpó á le gbagidi, ọkàn ló máa jìyà ẹ̀.

Ẹ̀jẹ̀ ni wọ́n máa gbà láti fi yẹ̀ ẹ́ wò. 2.5 sí 4.5 mg/dL ló dáa fún àgbàlagbà. Wọ́n á yẹ kálísíọ̀mù, PTH àti kíndìnrín wò pẹ̀lú.

Tó bá wá kan oúnjẹ, gbẹ̀gìrì lọ̀pọ̀ èèyàn kọ́kọ́ máa ń sá fún, èmi ò rò pé ibẹ̀ ló yẹ kẹ́ ẹ ti bẹ̀rẹ̀. Ara kì í gba gbogbo fọ́síféètì inú ẹ̀wà, àmọ́ èyí tí wọ́n ń dà sínú mínírà dúdú, sọ́séèjì àti ẹran agolo, fẹ́rẹ̀ẹ́ gbogbo ẹ̀ ló ń wọ ẹ̀jẹ̀. Ẹ wo ara páálí ẹ̀, tẹ́ ẹ bá ti rí "phos", ẹ gbé e sílẹ̀. Ẹ jẹ́ kí dáyẹ́tíṣàn, ìyẹn onímọ̀ nípa oúnjẹ, sọ ìwọ̀n ẹ̀wà tẹ́ ẹ lè jẹ fún yín.

Dáyálísíìsì máa ń yọ díẹ̀, kì í sábà tó, ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń kọ oògùn bíi calcium carbonate tàbí sevelamer kún un. Inú ìfun loògùn yìí ti ń di fọ́síféètì oúnjẹ mú kó lè bá ìgbẹ́ jáde, torí náà àsìkò tẹ́ ẹ bá ń jẹun gan-an ni kẹ́ ẹ lò ó, ẹni tó bá lò ó lófìfo ò rí iṣẹ́ ẹ̀. Tẹ́ ẹ ò bá jẹun ọ̀sán, ẹ fi tọ̀sán sílẹ̀, ẹ má sì lo méjì pọ̀ lálẹ́ láìjẹ́ pé dókítà ló ní kẹ́ ẹ ṣe bẹ́ẹ̀.